Ta Ló Pàṣẹ Ẹbọ Yẹn? Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Adẹ́rùbani

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn adẹ́rùbani ni mo ń kọ lédè Yorùbá. Mo máa ń wo àwọn sinimá òyìnbó tí gbogbo abúlé ti ń kóra jọ, tí wọ́n á kọrin, tí wọ́n á jó, tí wọ́n á wá fi ènìyàn rúbọ lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n máa ń bà mí lẹ́rù débi pé mi ò ní lè sùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ tèmi, tí mo fi babaláwo, igbá àti ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀rín ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi í rín. Wọ́n ní fíìmù ògùn owó ni. Ṣé lóòótọ́ làwọn òyìnbó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí? Báwo ni mo ṣe lè kọ ẹbọ tí yóò dẹ́rù bani, tí kò sì ní ba ẹ̀sìn àwọn baba wa lórúkọ jẹ́? Mo fi orí kìíní ìwé mi sí i, ẹ bá mi wò ó."

Àbúrò mi, mo kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo ka orí kìíní rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màá padà sórí rẹ̀ tó bá yá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè tó o fi ṣáájú.

Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀, àwàdà tí wọ́n sọ di òótọ́ náà sì wà níbẹ̀. Àwàdà yẹn ló dùn mọ́ mi jù, òun ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Ó dá mi lójú pé o ti wo Midsommar, èyí tó jáde ní 2019. Ìgbèríko Hälsingland ní Sweden ni wọ́n fi ìtàn náà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hungary ni wọ́n ti yà á. Ìwọ náà á rántí ibi tí arúgbó méjì ti gun orí òkè, tí wọ́n fò sílẹ̀ torí pé wọ́n ti pé ẹni ọdún 72. Obìnrin kú lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin fi ẹsẹ̀ balẹ̀, egungun rẹ̀ fọ́, kò kú, wọ́n wá gbé òòlù igi ńlá jáde láti parí iṣẹ́. Gbogbo èèyàn tó ń wò ń mí ìmí ìrora pọ̀ mọ́ ọn. Orúkọ tí àwọn ará Sweden ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀ ni ättestupa, àwọn òkè kan sì wà níbẹ̀ títí dòní tí wọ́n máa ń fi han àlejò pé orí wọn ni wọ́n ti ń ti àwọn àgbà sílẹ̀ láyé àtijọ́.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Inú ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ni, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Iceland ní bí 700 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Gautreks saga. Gbọ́ bó ṣe lọ. Ọba kan sọnù nínú igbó, ó yà sílé àwọn ahun kan. Wọn ò lè lé e, ó jẹun wọn. Inú baba ilé bà jẹ́ sí oúnjẹ tó lọ yìí débi pé ó ní ayé ti sú òun, ó mú ìyàwó rẹ̀, wọ́n lọ fò láti orí òkè ìdílé wọn. Ó tún fi ẹrú rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kó bá àwọn fò, ẹ̀san iṣẹ́ rere tó ti ṣe nìyẹn! Ó ku àwọn ọmọ. Ìgbín gun orí wúrà ọ̀kan nínú wọn, ó rí àmì dúdú lára rẹ̀, ó ní òun ti di òtòṣì, ó lọ fò. Ẹyẹ ológoṣẹ́ ṣa hóró ọkà kan ṣoṣo nínú oko ọmọ mìíràn, òun náà lọ fò. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tí kò rẹ́rìn-ín, àfi kí wọ́n bá a wá dókítà. Àwọn ahun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí a ṣe ń fi Ìjàpá ṣe é. Ṣùgbọ́n ní 1664, ọ̀mọ̀wé kan ní Uppsala tẹ ìtàn náà jáde. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka ìtàn ìlú, wọ́n ń wá òkè kiri tí wọ́n máa fi orúkọ yẹn pè. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹnikẹ́ni ní Sweden fi òfin ti àgbà sílẹ̀ láti orí òkè. Ẹ̀rín ìgbà kan ló di ẹkún ìgbà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ère tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á kó èèyàn sínú rẹ̀ láàyè, tí wọ́n á sì sun ún. Ọ̀dọ̀ Julius Caesar la ti gbọ́ ọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ogun tó jà ní Gaul, ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, láàárín ọdún 58 sí 50 ṣáájú ìbí Krístì. Ó ní olè àti ìgárá ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀, tí wọn ò bá rí olè tó, wọ́n á fi aláìṣẹ̀ kún un. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ọ̀gágun tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń kọ̀wé sílé kí àwọn ará Róòmù lè gbà pé iṣẹ́ rere lòun ń ṣe. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á sọ pé àwọn tí òun ń pa jẹ́ ọmọlúàbí ni? Àwa náà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ nípa Benin, wọ́n kọ ọ́ nípa Dahomey, wọ́n kọ ọ́ nípa wa.

Má wá torí èyí gbà pé ọwọ́ gbogbo wọn mọ́ o. Ní 1984, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ àbàtà ní Lindow, lẹ́bàá Manchester, rí òkú ọkùnrin kan tí omi àbàtà ti pa mọ́ láti bí 2,000 ọdún. Awọ ara rẹ̀ dà bí awọ bàtà àtijọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ti la nǹkan mọ́ ọn lórí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ti gé e lọ́fun. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá ti tó pa á. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, wọ́n tẹ́ ẹ sínú gíláàsì. Òkú rẹ̀ ń sọ pé wọ́n pa á, wọ́n sì fara balẹ̀ pa á. Kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa, kò lè sọ orin tí wọ́n kọ, kò lè sọ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló rìn débẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni àwọn òǹkọ̀wé ń fi ọwọ́ ara wọn dí.

Ẹni tó dí i jù ni James Frazer. Fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, torí kò sí ìtàn adẹ́rùbani abúlé kan ní ilẹ̀ òyìnbó tí ìka rẹ̀ kò sí nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ni. Ní 1890 ló gbé The Golden Bough jáde, ìdìpọ̀ méjì, tó wá ń wú títí tó fi di méjìlá. Orí àga rẹ̀ ló jókòó sí, tó ń ka ìwé àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn míṣọ́nnárì, tó sì ń to àṣà gbogbo ayé pọ̀ bí ẹni to igi ìdáná. Èrò rẹ̀ ni pé láyé àtijọ́, ara ọba ni ara ilẹ̀: tí ọba bá ń di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, irè oko náà á di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pa á kó tó gbó.

Ibi tó kàn wá nìyí. Nínú ìwé yẹn, Frazer mẹ́nu ba ìlú kan tó pè ní Eyeo. Ọ̀yọ́ ni. Ó ní tí ọba ibẹ̀ bá ti sú àwọn ènìyàn, àwọn ìjòyè á gbé ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, wọ́n á ní iṣẹ́ ìjọba ti rẹ kábíyèsí, ó yẹ kó lọ sinmi díẹ̀. Ọba á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á wọlé bí ẹni fẹ́ sùn, á ní kí àwọn ìyàwó òun fún òun lọ́rùn. Ó ní ní nǹkan bí 1774, wọ́n gbé ẹyin yìí lọ fún ọba kan, ọba náà ní oorun kò kun òun, pé òun fẹ́ lajú sílẹ̀ fún ire àwọn ènìyàn òun. Àwọn ìjòyè dìtẹ̀, ọba sì ṣẹ́gun wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló máa ka ibẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sọ́dọ̀ Abíọ́dún àti Gáà? Inú ìwé tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dalzel kọ nípa Dahomey ní 1793 ni Frazer ti rí i.

Ṣé o rí ohun tó ṣe? Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sọ ni pé ìjọba ọba náà kò tẹ́ ìlú lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń wọn agbára Aláàfin, Baṣọ̀run ló ń gbé igbá wá, ìlú tí kò ní ìwé òfin ló ń yọ ọba nípò báyẹn. Kò sí òrìṣà tí ebi ń pa níbẹ̀. Frazer gbé e, ó fi í sáàárín àwọn ọba tí wọ́n pa kí àgbàdo lè yọ ọmọ. Láti ọwọ́ rẹ̀ ló ti di ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ń mu bí omi. Nítorí náà, nígbà tó o bá jókòó síwájú sinimá òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà ọ́, ẹyin odídẹrẹ́ Ọ̀yọ́ wà nísàlẹ̀ ìkòkò yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni àbí kí n rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ṣe The Wicker Man ní 1973 ka Frazer dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́n jù ú lọ. Bí o kò bá tíì wò ó, wò ó. Ọlọ́pàá kan, Kìrìsìtẹ́nì paraku, wá sí erékùṣù kan ní Scotland láti wá ọmọbìnrin tó sọnù. Ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń bọ òòrùn àti igi. Ìparí rẹ̀, inú ère tí wọ́n hun ló kú sí, iná ń jó, àwọn ará ìlú di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo èèyàn ló máa ń rántí iná yẹn. Ohun tí èmi rántí ni ọ̀rọ̀ tí olówó erékùṣù náà sọ ní àárín fíìmù. Ó ní baba baba òun, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ọ̀gbìn, ló ra ilẹ̀ náà ní 1868. Ó fẹ́ gbin èso tuntun níbẹ̀, ó ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́, ó bá dá ẹ̀sìn àtijọ́ padà fún wọn. Ẹ̀sìn tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ sun èèyàn kò ju bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ! Baba baba olówó náà ló dá a sílẹ̀ kí èso ápù lè so.

Nígbà tí wọ́n sì ń fa ọlọ́pàá náà lọ, ó yíjú sí olówó yìí lójú gbogbo ìlú. Ó ní tí èso kò bá so lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó ní ta ni wọ́n máa wá sun nígbà náà, ta ló kù tó tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ìwọ alára? Wo ojú ọkùnrin náà níbẹ̀. Ó dáhùn pé èso máa so, ó tún un sọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyin odídẹrẹ́ ló dé yẹn. Ẹni tó ń pàṣẹ ẹbọ ti mọ̀ pé igbá lè yí kan òun.

Mo wá fẹ́ kó o fi èyí wé ìtàn kúkurú kan tí kò ní òrìṣà, kò ní babaláwo, kò ní oògùn rárá, "The Lottery," tí Shirley Jackson kọ, tó jáde nínú ìwé ìròyìn New Yorker ní oṣù kẹfà 1948. Abúlé kan ní Amẹ́ríkà, èèyàn bí 300, ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, òòrùn ń ràn. Wọ́n gbé àpótí dúdú kan wá, ó ti họ, ó ti ṣá. Olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan á mú bébà kan. Obìnrin kan pẹ́ dé, ó ní òun gbàgbé ọjọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára épúrọ́ọ̀nù, ó ń bá àwọn èèyàn ṣàwàdà lórí abọ́ tí òun ń fọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ni bébà tó ní àmì dúdú bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Ṣáájú kí wọ́n tó sọ ọ́, ẹnì kan ka òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré lọ́wọ́, kí òun náà má bàa wà lófo.

Mo ti ka gbólóhùn òkúta ọmọdé yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láìmọye ìgbà. Kíláàsì máa ń dákẹ́ lọ́ lọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú gbólóhùn náà, kò ju ìlà kan lọ. Nígbà tí ìtàn yẹn jáde, lẹ́tà tó lé ní 300 ló wọlé fún obìnrin náà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, púpọ̀ nínú wọn èébú. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni àwọn tó ń béèrè ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é, kí àwọn lè lọ wòran.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Kí ló dé tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ń rẹ́rìn-ín?

O ti so ẹbọ àti ògùn owó pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀rọ̀ ògùn owó ní sinimá wa, ẹ̀yìn 1992 ló gbilẹ̀, nígbà tí Living in Bondage, fíìmù Ígbò, pawó wọlé gan-an: ọkùnrin kan fa ìyàwó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òkùnkùn pa, owó dé, iwin ìyàwó náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Fíìmù náà dára. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló pọ̀ ju eéṣú lọ, títí tí aṣọ pupa, àtùpà àti agbárí fi di ohun tí ọmọ ọdún méje lè yà sórí ògiri. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ògùn owó: níkọ̀kọ̀ ni, lóru ni, ẹnì kan ṣoṣo tàbí ẹgbẹ́ kékeré ló ń ṣe é, ìlú kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọ̀daràn ni. Òǹkàwé mọ ẹni burúkú láti ojú ìwé kìíní, ó sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn olóòótọ́. Ẹ̀rù wo ló tún kù? Ó kàn ń retí kí ọlọ́pàá tàbí pásítọ̀ dé.

Ẹbọ, ojú ayé ni wọ́n ti ń rú u. Ìlú ló ń dá owó rẹ̀. Wọ́n ń kéde ọjọ́ rẹ̀, wọ́n ń pín in jẹ, ọmọdé ń tọrọ ẹran níbẹ̀. Ẹbọ tí babaláwo ń dá fún ènìyàn lójoojúmọ́, ẹyẹlé ni, obì ni, owó ni, aṣọ ara ẹni ni, oúnjẹ tí a fi bọ́ aládùúgbò ni. Tó o bá wá fẹ́ kọ èyí tó le, èyí tó kan ènìyàn, ohun tí yóò dẹ́rù bani ni pé gbogbo ìlú mọ̀. Ẹbọ tí gbogbo ìlú rú, ta ló máa pe ọlọ́pàá? Òǹkàwé á wò yíká, á rí i pé àárín èrò lòun náà jókòó sí. Ohun tó wà nínú sinimá òyìnbó tí kò jẹ́ kó o sùn nìyẹn. Aṣọ funfun àti òdòdó orí wọn kọ́.

Àwa náà ní irú ìtàn yìí, a sì ti ní i tipẹ́. Mọ́remí ni. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n láti ilé ìwé: àwọn Ìgbò tó ń fi ìko bora wọ Ifẹ̀, obìnrin arẹwà tó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú kó lè mọ àṣírí wọn, iná tí wọ́n fi jó ìko. Wọ́n kọ́ wa ní apá akọni rẹ̀, wọ́n sáré kọjá apá kejì. Mọ́remí padà sí odò Ẹsìnmìnrìn láti san ẹ̀jẹ́. Ó mú àgùntàn lọ, odò kọ̀. Ó mú ewúrẹ́, odò kọ̀. Ó mú màlúù, odò kọ̀. Ṣé o rí bí ẹran ṣe ń tóbi sí i, tí ọ̀nà sì ń há sí i? Olúorogbo ló kù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Lẹ́yìn náà, gbogbo Ifẹ̀ sọ fún un pé kó má sunkún, àwọn ló di ọmọ rẹ̀ títí ayé.

Dúró síbẹ̀ ná. Ìtùnú ni wọ́n pe gbólóhùn yẹn nílé ìwé. Gbé e sínú ìtàn adẹ́rùbani kó o tún un kà: obìnrin kan ń ti etídò bọ̀ lọ́wọ́ òfo, gbogbo ìlú tí ọmọ rẹ̀ kú fún sì tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń kí i, "Ẹ káàbọ̀, ìyá wa." Ní Ifẹ̀, ọdún Ẹdì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Àwọn kan sì ń sọ pé Olúorogbo kò kú tán, ó dìde, ó fi okùn gun ọ̀run lọ, pé ó ń padà bọ̀. Tó bá padà, kí ló máa sọ fún wọn?

O béèrè nípa bíba orúkọ ẹ̀sìn jẹ́. Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí irú ìtàn yìí ti pa àwọn èèyàn wa lára lókè òkun. Ní 1987, fíìmù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ The Believers jáde. Ó mú ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn baba wa gbé lọ sí Cuba, ó fi pípa ọmọdé kún un. Ní ọdún yẹn gan-an, ìjọ ẹlẹ́sìn òrìṣà yìí kan tó ń jẹ́ Lukumi Babalu Aye fẹ́ ṣílé ìjọsìn ní Hialeah ní Florida, ìjọba ìlú náà sì sáré ṣòfin pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹran rúbọ, bẹ́ẹ̀ àwọn alápatà ń pa ẹran ní ìlú kan náà láìsí wàhálà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ní 1993 gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì dá ìjọ náà láre. Mi ò sọ pé fíìmù ló bí òfin yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń rú ẹyẹlé ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ní Miami nígbà náà, aládùúgbò rẹ̀ ti wo sinimá.

Nítorí náà, má bẹ̀rù láti kọ ibi. Gáà ń bẹ nínú ìtàn wa, àwa la bí i. Ṣùgbọ́n fún ẹbọ inú ìwé rẹ ní ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ àti ẹni tó ń jèrè rẹ̀, kí orúkọ wọn yé òǹkàwé. Tí òrìṣà bá ní kí wọ́n mú ọmọ wá, ẹnu ta ló gbà sọ ọ́? Ta ló dá Ifá ọjọ́ náà, ilé ta ló ti sùn mọ́jú? Ilẹ̀ wo ni àríyànjiyàn wà lé lórí lọ́dún yẹn? Babaláwo tó bá kọ̀ láti sọ ohun tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò sọ, tó kó ẹrù rẹ̀ tó sì fi ìlú sílẹ̀ lóru, á dẹ́rù bà mí ju èyí tó wọ aṣọ pupa lọ.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ látìgbà èwe mi. Ní ìlú wa, tí orò bá máa jáde, obìnrin kì í rìn. Ọmọdé ni mí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ìkookò ni mo rò pé ó ń ké. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, màmá mi ti ra iyọ̀, ó ti ra kẹrosíìnì, ó ti pọn omi kún gbogbo ìkòkò, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. Ó kàn ń to nǹkan sílẹ̀. Àgbà tó mọ ohun tó ń bọ̀, tó sì ń fara balẹ̀ múra dè é, kò sí iwin tó tó o.

Ó wá ku orí kìíní rẹ. Òru ni, igbó ni, òjò ń bọ̀, babaláwo ń rẹ́rìn-ín kèékèé, agbárí mẹ́ta, ọmọbìnrin ọdún 17 kan ń sunkún lórí ẹní. Ọwọ́ rẹ dán nínú èdè, mi ò purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí gbogbo rẹ̀ rí, ìwọ náà ti rí i rí. Yọ òru kúrò. Fi ìpàdé rẹ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, kí akọ̀wé ìlú máa kọ orúkọ àwọn tó wá, kí ẹnì kan ní òun ò lè pẹ́, òun fẹ́ lọ gbé ọmọ nílé ìwé. Yọ ẹ̀rín kèékèé. Agbárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dá wọn padà síbi tó o ti yá wọn.

Ojú ìwé keje ni mo wá rí ohun tó jẹ́ kí n kọ ìdáhùn gígùn yìí. Bóyá o ò tilẹ̀ mọ̀ pé o kọ ọ́, torí àárín gbólóhùn méjì nípa mànàmáná lo há a sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ìyá ọmọbìnrin yẹn wà nílé, ó fẹ́ tẹ ẹ̀bà fún ìdílé. O ní ó wọn gàrí ago mẹ́fà sínú abọ́, ó dúró, ó da ago kan padà sínú àpò.

Pa ojú ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.